Omi Tí Mo Bù Sínú Ọkọ̀ Wa

Èmi Olúfúnkẹ́ Adéoyè, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo mú bírò dání. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni Bàbá Àkàndé Ọláògún, tí gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ sí Bàbá Mọrẹ́nikẹ́. Inú ilé ìdáná wọn ní Springdale, lẹ́bàá Toronto, ni a wà, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Bàbá kò kàwé. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ wọn obìnrin, tó ń kó lọ sí Oakville ní Sátidé, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Mọ́ńdè ní ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ níbẹ̀. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi pè é lórí fóònù. Wọ́n ní lórí fóònù, àwọn á sọ Yorùbá, ọmọ á fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, tọ̀tún-tòsì á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì bọ́ sọnù. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí n má fi ìwé tèmi tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Mọrẹ́nikẹ́ Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Bàbá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ara wa le, èmi àti ìyá rẹ. Orúnkún mi ṣì ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ju àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n lọ. Mo mọ̀ pé wàá lè ka lẹ́tà yìí, torí pé Bíbélì ni ìyá rẹ fi kọ́ ọ ní Yorùbá kíkà, lórí tábìlì tí Tísà jókòó tì yìí. O máa ń sunkún nígbà náà pé àmì orí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ó dára bí o ṣe sunkún tí o sì kọ́ ọ. Èmi kò sunkún, n kò sì kọ́ ọ.

Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni inú mi ti ń dùn tí n kò mọ ibi tí mo máa gbé ìdùnnú náà sí. O jókòó sínú ọkọ̀ wa àtijọ́, o yí kọ́kọ́rọ́, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. O ní, "Come on, Ìyá Àgbà, come on." Ó sì dún. Èéfín bo gbogbo gáréèjì. Ìyá rẹ sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó rò pé ilé ń jó. Bàbá onílàwàní tó ń gbé ilé kejì, tó jẹ́ àgbẹ̀ ní ìlú tiwọn kó tó dé ibí, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, èmi àti òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi kò gbọ́ èdè rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí àwa méjèèjì ní, tí a bá pa á pọ̀, kò kún ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá rí ohun tó ti kú tó tún hù, kò nílò ògbufọ̀.

O dì mọ́ mi, ọwọ́ rẹ kún fún epo, ó sì yí mọ́ ẹ̀wù funfun tí mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ fẹ́ fọ̀ ọ́. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Àmì ọwọ́ ọmọ mi ni.

Lẹ́yìn náà lo wá béèrè pé, "Dádì, that man tó fún wa ní ẹ́ńjìnnì, kí lorúkọ ẹ̀? Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo ní, "Ọkùnrin kan ni, ní Scarborough."

O ní, "Dádì, gbogbo ọkùnrin tó wà ní Scarborough ni ọkùnrin kan."

Mo ní kí o jẹ́ ká lọ jẹun.

Ọmọ mi, mo mọ orúkọ ọkùnrin náà. Mo sì ti ṣèlérí fún un pé kí ọkọ̀ yìí tó kan títì ní Sátidé, wàá ti mọ òtítọ́ kan tí mo ti fi pa mọ́ fún ọ láti ìgbà tí o wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán tí o sọ pé o kò fẹ́ wọ ọkọ̀ náà mọ́, n kò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o wa ọkọ̀ tí irọ́ mi wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ tuntun.

Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ fún ọ. Kì í ṣe ìmọ̀ràn ọlọ́gbọ́n. Ìmọ̀ràn ẹni tó ti já sí kòtò ni, tó lè na ìka sí ibi tó wà.

Èkíní: máa béèrè.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní oko kòkó àti iṣu lẹ́yìn Gbọ̀ngán. Ó fi mí sí ilé ìwé, mo lo ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, tísà bi mí ní ohun tó wà lójú pátákó. N kò mọ̀ ọ́n, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo gba ojú fèrèsé jáde, mo rìn títí dé oko. Bàbá mi nà mí, mo ní kó máa nà mí lọ, n kò ní padà. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú mi. N kò kàn lè gbé ojú sókè kí n sọ pé, "N kò mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ọ́ fún mi." Gbólóhùn kékeré yẹn ni mo sá fún, ó sì ń lé mi bọ̀ títí mo fi dé Kánádà.

Nígbà tí ìyá rẹ gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí tó sì mú mi wá, iṣẹ́ oko ápù lẹ́yìn Burlington ni mo rí ṣe. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Igi ni igi. Ní ọdún kejì la ra ọkọ̀ náà, ọkọ̀ gígùn aláwọ̀ búlúù tí ẹ̀yìn rẹ̀ gba àpótí ápù mẹ́jọ, àti ìwọ tí ò ń sùn láàárín wọn. Délé, ọ̀rẹ́ mi, mẹkáníìkì láti Ìbàdàn, ra irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ọjọ́ kan náà. Pupa ni tirẹ̀. Ilé kan náà la jọ ń gbé, òun àti ìyàwó rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, àwa lókè. Ìwọ ń pè é ní Uncle Délé. Èjìká rẹ̀ lo máa ń gùn bí ẹni gun ẹṣin.

Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn débi pé mo máa ń fọ̀ ọ́ kí n tó bọ́jú. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí ewé ti ń wọ́, mo ṣí rédíétọ̀ rẹ̀, ibi tí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára máa ń gbé. Mo bẹjú wò ó. Omi inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé.

Àṣàkẹ́, ìwọ ẹnjiníà, má tíì rẹ́rìn-ín. Ní oko wa, bí omi bá pẹ́ nínú ìkòkò, yóò hu èéhù, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì di ti ewé. Ìyá mi kò lè rí i kó má dà á nù, kó fi kànìnkànìn fọ ìkòkò, kó sì pọn omi tuntun sí i. Mo ní irú ọ̀bùn wo ló ta ọkọ̀ yìí fún wa? Mo tú omi náà dà pátá. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí a ti lò tán, mo fọ̀ ọ́, mo pọn omi ẹ̀rọ tó mọ́ gaara, mo ṣan inú rédíétọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo wá bù ú kún. Mo tilẹ̀ gbàdúrà sí i.

Omi aláwọ̀ ewé yẹn ni kì í jẹ́ kí omi ọkọ̀ dì nígbà òtútù. Gbogbo ọmọdé Kánádà ló mọ̀ ọ́n. Ike rẹ̀ kan wà nínú búùtù, tí ẹni tó tà á fún wa fi sílẹ̀, ìwé kún gbogbo ara rẹ̀. Ìyá rẹ tó mọ̀wé wà nínú ilé. Délé tó mọ ọkọ̀ wà ní ìsàlẹ̀. Kí n kàn gbé ike náà dání, kí n ní, "Kí ni wọ́n kọ síbí?" Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni. N kò lọ.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú. Níbi iṣẹ́ rẹ, wọ́n á máa pè ọ́ ní ọ̀gá. Ní ọjọ́ tí o bá rí ohun tí o kò mọ̀, béèrè, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni. Tèmi tí n kò fẹ́ jẹ ní ìṣẹ́jú kan ti di ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Èkejì: má fi orúkọ ẹlòmíràn bo ìtìjú rẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìrọbí mú ìyàwó Délé. Ọkọ̀ tirẹ̀ wà lórí jáàkì, ó ti tú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Ó yá tiwa. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù, wọ́n bí ọmọkùnrin, ó sì dá ọkọ̀ padà ní ìrọ̀lẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Òru ọjọ́ náà ni òtútù ńlá àkọ́kọ́ ọdún yẹn bọ́ sí. Ní àárọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, kò dún. Mo ṣí iwájú rẹ̀, mo rí yìnyín tó yọ lára irin bí ẹni yọ ahọ́n síni. Irin tó nípọn bí ìka mi ti là.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ jáde pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ní, "Kí ló ṣe ọkọ̀?" Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Délé ló gbé e lánàá. Ó ti sá eré pa á."

Délé gòkè wá. Ó wo ọkọ̀, ó wo ojú mi. "Àkàndé, kí lo bù sí i?"

Mo ní, "Ohun tí wọ́n ń bù sọ́kọ̀."

"Àwọn wo ni wọ́n?"

Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú wa. Délé tó pa ọkọ̀ Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Mẹkáníìkì tí wọ́n bá ti ń pe irú orúkọ yẹn, ta ni yóò gbé ọkọ̀ tọ̀ ọ́ lọ? Òtútù méjì ló fi ń ṣe shift níbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí, kí ọwọ́ rẹ̀ tó tún kan sípánà. Lẹ́yìn náà ó kó lọ sí Scarborough. Ìwọ béèrè ẹṣin rẹ lọ́wọ́ mi, mo ní Uncle Délé kì í ṣe ènìyàn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe dàgbà sí i. Lọ́dún tó kọjá, o pàdé rẹ̀ níbi ìsìnkú kan, o kọjá lára rẹ̀ láìkí i. Mo rí i. Mo rí ojú òun náà.

Irọ́ tí o bá bí, ìwọ lo máa wá ilé fún un. Tèmi gba odindi abà kan. N kò lè gbé ọkọ̀ náà fún mẹkáníìkì kankan, torí ẹni tó bá ṣí i yóò mọ̀ pé omi ni. Mo ní ó ń sinmi. Mo ní kí wọ́n wọ́ ọ lọ sínú abà ìyá tó ni oko ápù, mo da tapólì bò ó. Bí ẹnìkan bá ní kí n tà á, mo ní ohun ìrántí ni. Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe, mo ní àkókò kò tíì tó. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé Bàbá Mọrẹ́nikẹ́ mà fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn o. Ìwọ lọ sí ilé ìwé, o gboyè, o gba iṣẹ́, irọ́ náà ṣì wà ní abà lábẹ́ tapólì. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi sáré ju ogún lọ, torí olóríkunkun ló ń gùn ún.

Tísà ń bi mí bóyá kí àwọn kọ ẹ̀kẹta síbí. Ẹ kọ ọ́, Tísà. Bí mo bá ṣi iye kà, Mọrẹ́nikẹ́ á bá wa tún un kà.

Ẹ̀kẹta, ìyẹn ti ìgbà ayọ̀ wa. Ìyá olóko kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ wó abà. Mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń lọ irin la máa gbé ọkọ̀ náà lọ. Ìwọ lo ní rárá. "Dádì, that's our car. A máa tún un ṣe." Mo ní kò ṣeé ṣe. O ní èmi ni mo fi oríkunkun bí ọ, kí n wá jẹ èso rẹ̀.

Ọmọ mi, n kò rò pé mo ti gbádùn oṣù mélòó kan báyìí rí láyé mi. Wàá dé láti condo rẹ ní àárọ̀ Sátidé, wàá kó sínú aṣọ iṣẹ́ tó tóbi jù ọ́ lọ. Ìyá rẹ á ní, "Ṣé aṣọ tí ọkọ máa fi rí ẹ nìyí?" Wàá ní, "Mummy, ọkọ tó bá fẹ́ mi á bá mi mú sípánà." Eku ti fi gèlè ìyá rẹ kọ́ ilé sínú ìjókòó ẹ̀yìn. Lábẹ́ rẹ̀ la ti rí bàtà pupa rẹ kan, èyí tí o sunkún fún ní odidi ọ̀sẹ̀ kan nígbà náà. O gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, kò gùn ju ọwọ́ rẹ lọ. Ìyá rẹ ti ju ẹsẹ̀ kejì nù tipẹ́, títí di òní ló ń bínú sí ara rẹ̀.

Ìpẹtà ti mú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ iwájú. Mo gbé sípánà gígùn, mo fi gbogbo ara lé e. Ó kán. Mo ní irin burúkú ni. Mo bọ́ sórí èkejì, ó kán. O gba sípánà lọ́wọ́ mi, o da epo sí ẹ̀kẹta, o ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun, Dádì."

Mo ní, "Kí ni oúnjẹ fẹ́ ṣe fún nọ́ọ̀tì?"

O ní, "Ẹ má bá a jà. Ẹ dúró dè é."

A lọ jẹ iṣu. Nígbà tí a padà, o yí i, ó tú bí ìdérí ìgò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, ọwọ́ rẹ ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Nítorí náà ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe tèmi. Tìrẹ ni, mo dá a padà fún ọ. Bí o ṣe ṣe nọ́ọ̀tì yẹn ni kí o máa ṣe àwọn tí wàá jọ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin ló ṣòro fún mi láti sọ. Ní ọjọ́ tí o tú ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, o tan iná sí i, o pè mí. O fi ìka tọ ojú ibi tó là. "Dádì, eré kọ́ ló pa ẹ́ńjìnnì yìí o. It's frost. Omi lásán ni wọ́n bù sí i, ó wá dì." O lọ sẹ́yìn, o gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa àtijọ́ yẹn jáde láti inú búùtù, o gbọ̀n ọ́n. "Kẹ́ẹ̀gì tó lò rè é. Ah-ah, mẹkáníìkì wo ló ń bu omi lásán sọ́kọ̀ ní winter? Uncle Délé yìí sha."

Mo ní, "Hùn-ún."

Hùn-ún yẹn ni mo torí rẹ̀ pe Tísà wá. Irọ́ àkọ́kọ́, ìbẹ̀rù ló bí i, ọmọdé sì ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n hùn-ún yẹn, àgbà ni mí nígbà tí mo sọ ọ́. Ọmọ mi dúró síwájú mi, ó ti di òtítọ́ mú ní ìdajì, ó ku ìdajì, mo sì tún jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìyá rẹ rò pé àìsàn ni.

Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ, wá ìdí rẹ̀ kí o tó wá orúkọ. O rí ìdí, o sì gbà á pátápátá. Orúkọ lo ṣì, torí pé èmi ni mo ti fi orúkọ náà sí ọ lẹ́nu láti kékeré. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di adájọ́ tí kò gbọ́ ẹnu ẹnìkejì. Má bínú, ìyá mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, o wá ẹ́ńjìnnì mìíràn kiri, o kò rí. Mo mọ ibi tó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà. Mo mú ọ̀pá mi, mo sọ fún ìyá rẹ pé mò ń lọ na ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀sì lórí bọ́ọ̀sì, ó tún kan subway. N kò lè ka orúkọ ibùdó, ńṣe ni mò ń fi ìka kà wọ́n bí mo ṣe máa ń ka ebè ní oko bàbá mi. Ìka dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rí ọmọbìnrin kan nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ jọ tiwa. Mo ní, "Ọmọ mi, n kò mọ̀wé. Níbo ni mo wà?" Ó kúnlẹ̀ kí mi nínú subway, lójú gbogbo èrò. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ ti kọjá ibùdó méjì." Ó bá mi sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi mí sínú èyí tó ń padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo sọ gbólóhùn náà. Kò dùn mí rárá. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn sí i.

Délé wà nínú gáréèjì ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Orí rẹ̀ ti funfun bíi tèmi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí lo wá ṣe nígbà náà?"

Mo ní, "Omi ni."

Ó fi àkísà nu ọwọ́. "Irú omi wo?"

"Omi ẹ̀rọ. Èmi ni mo bù ú. Mo rò pé aláwọ̀ ewé yẹn ti hu èéhù ni."

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé orí táyà. "Èéhù. Àkàndé, o fọ rédíétọ̀ bí ìkòkò. Ṣé o fi kànìnkànìn họ ọ́?" Ẹ̀rín náà kàn kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Òtútù méjì, Àkàndé. Ọmọ tuntun wà nílé mi."

Mo dọ̀bálẹ̀. Orúnkún mi kò fẹ́, n kò bi í.

Ó ní, "Dìde, epo wà nílẹ̀ yẹn."

N kò dìde. Mo ní, "Ó ku nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pupa rẹ, ṣé ó ṣì wà?"

"Ojú ò tì ẹ́, ọkùnrin yìí. Orí ìdọ̀bálẹ̀ lo ti ń tọrọ ẹ́ńjìnnì."

"Ọmọ ni mo fẹ́ gbà á fún. Òun ló ń tún ọkọ̀ náà ṣe."

"Mọrẹ́nikẹ́?" Ó dìde lórí táyà. "Ẹlẹ́ṣin mi ló ń tú ẹ́ńjìnnì?"

Ó lọ sí igun kan, ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti jẹ ara ọkọ̀ pupa tán tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń dán. Ó ní, "Ìyàwó mi ní kí n tà á. Mo ní ta ni kí n tà á fún? Ọkọ̀ irú ẹ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ló kù láyé, ẹni tó ni ín sì ní ó ń sinmi."

Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Sọ fún un. Ní tèmi, mo mọ ohun tí mo ṣe àti ohun tí mi ò ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára igi. Kí ọkọ̀ yẹn tó kan títì, kó mọ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga tó fi ọkọ̀ ẹrù gbé ẹ́ńjìnnì náà wá fún wa, tí o fún ní ìgò mọ́ọ̀tì mu, ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ yẹn ni.

Mo sọ fún ìyá rẹ láàárọ̀ àná. Ó gbé fóònù, ó pe ìyàwó Délé, wọ́n wà níbẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ bú mi. Ọbẹ̀ tí mo jẹ lánàá kò ní iyọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, n kò sì béèrè. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ènìyàn má béèrè nìyẹn.

Ìyókù ìmọ̀ràn kò gba nọ́ńbà. Má ṣe jẹ́ kí iyọ̀ títì sùn mọ́jú lára ọkọ̀ náà. Winter tyres, kí ewé tó tán lórí igi. Bí wọ́n bá yìn ọ́ níbi iṣẹ́, gbà á, má sọ pé kì í ṣe nǹkan kan. O fi oṣù mẹ́fà jí ohun tí èmi ti sin. Bí o bá ṣàṣìṣe, sọ ọ́ nígbà tó ṣì wà ní kékeré, tí o ṣì lè fi ọwọ́ kan gbé e. Ọ̀rọ̀ ọkọ, n kò dá sí i. Ìyá rẹ ló ní kí n dá sí i, mo sì ti dá sí i báyìí.

Sátidé, Uncle Délé yóò dé sí ilé wa ní aago mẹ́wàá. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, kí i. Ohun tí mo lè tọrọ kò ju ìyẹn lọ, ìyókù di ọwọ́ rẹ. Bí o bá rí i pé o lè ṣe é, kí ìwọ wa ọkọ̀, kí òun jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kó máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Gba ọ̀nà etí adágún omi lọ sí Oakville, kí o má sáré. Èmi àti ìyá rẹ á wà lẹ́yìn, níbi tí àpótí ápù máa ń wà. Màá gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn lé itan mi. Bí ẹnikẹ́ni ní Oakville bá béèrè ohun tí bàbá arúgbó yìí ń gbé kiri, má fi pa mọ́. Sọ fún wọn pé omi ló fi bù.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ju ọkọ̀ lọ.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Bàbá, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé íńkì wá, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ki àtàǹpàkò ọ̀tún bọ epo ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síbí. Àmì Àkàndé Ọláògún nìyí.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Àbẹ̀ní Ọláògún, ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé iyọ̀ máa padà sínú ọbẹ̀ ní Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n bá dé láti Oakville.

Ẹlẹ́rìí kejì: Bámidélé Ògúntólú, mẹkáníìkì, tó dé bá wa bí mo ṣe ń kà á lọ́wọ́. Wọ́n ní kí àwọn tó fọwọ́ sí i, àwọn á kọ́kọ́ lọ sí gáréèjì. Wọ́n ṣí rédíétọ̀, wọ́n bẹjú wò ó, wọ́n padà wọlé, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún Mọrẹ́nikẹ́ pé àwọ̀ ewé ni.